Bí Nǹkan Ọmọkùnrin Kò Bá Dúró: Bí Ọ̀dọ́kùnrin Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ọkàn Ló Fà Á Tàbí Ara

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń bi mí ní oríṣiríṣi ọ̀nà: "Mi ò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, kí ló dé tí nǹkan ọmọkùnrin mi kì í le mọ́, tàbí tó bá tiẹ̀ le, tó máa ń rọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun?" Púpọ̀ nínú wọn ló ti gbé oògùn mì kí wọ́n tó béèrè, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń lọ́jú pọ̀, torí pé ẹni tó bá ti ń fi oògùn gbé e ró kò ní rí ojú ọ̀nà tí ìṣòro náà gbà wọlé mọ́. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti ibi tí kì í ti í ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ, ọwọ́ ẹ̀yin nìkan ló sì wà. Dókítà kò lè rí i àfi bí ẹ bá sọ ọ́. Nítorí náà, ètò tí a ó tẹ̀ lé nìyí: ẹ kíyè sí i, ẹ yẹ ohun tí ẹ ń lò wò, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tó wọlé.

## Àwọn ohun tí kò ṣeé fi falẹ̀

Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ń ṣe yín, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì ná, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru:

- Nǹkan ọmọkùnrin le, kò sì rọ̀ fún wákàtí 4. Ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ kò ní atẹ́gùn nínú mọ́, ó sì lè ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá. Àwọn tó ní àrùn sickle cell ni èyí wọ́pọ̀ sí jù, ìtìjú ló sì máa ń dá wọn dúró nílé títí yóò fi pẹ́ jù.
- Ẹ gbọ́ ìró bí ẹni pé nǹkan ṣẹ́ nígbà ìbálòpọ̀, ó rọ̀ lójijì, ó sì ń wú, ó ń dúdú.
- Abẹ́ àti ìdí yín kú tipiri, ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ kò sì lè tọ̀ tàbí kó ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ró mọ́.
- Àyà ń dùn yín nígbà ìbálòpọ̀.
- Ọ̀rọ̀ náà ti sú yín débi pé ẹ ń ronú láti pa ara yín.

## Ṣé ìṣòro ìdúró ni lóòótọ́?

Kí ó má dúró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́ tó tánni lókun tàbí lẹ́yìn ọtí, kì í ṣe àìsàn. Bóyá ni ọkùnrin kan wà tí kò tíì ṣe rí. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń kà sí ìṣòro ni pé kó máa ṣẹlẹ̀ léraléra fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi tí kò fi jẹ́ kí ẹ lè ní ìbálòpọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ó bá sì ń kó ìdààmú bá yín kí oṣù 3 tó pé, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dúró.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ohun méjì mìíràn. Ẹni tí àtọ̀ rẹ̀ ń tètè jáde, tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sì rọ̀ lẹ́yìn náà, kò ní ìṣòro ìdúró. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ìyára náà ni ìṣòro rẹ̀. Ẹni tí ìbálòpọ̀ kò sì wù rárá mọ́ ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀, họ́mónù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni a sì máa ń kọ́kọ́ wò níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ló ń ṣe. Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà ní Italy gbé jáde ní 2013, ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìṣòro yìí wá sọ́dọ̀ wọn ni kò ju ẹni 40 ọdún lọ.

## Bí ara ṣe ń ṣe é

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, torí òun ló jẹ́ kí ìgbésẹ̀ tó kù yéni. Nígbà tí nǹkan bá wu ọkàn tàbí tí ọwọ́ bá kan ara, ọpọlọ àti okùn inú ògóòró ẹ̀yìn máa ránṣẹ́ sí abẹ́. Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide yóò jáde níbẹ̀, yóò dẹ ẹran tó yí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ yóò sì rọ́ wọ inú ihò gígùn méjì tó dà bíi kànìnkànìn. Bí wọ́n ti ń kún ni wọ́n ń tẹ àwọn iṣan tó yẹ kó gbé ẹ̀jẹ̀ jáde pa, tí ẹ̀jẹ̀ fi dúró síbẹ̀.

Ìbẹ̀rù ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Adrenaline tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àyà bá já ń fún àwọn iṣan wọ̀nyẹn pọ̀, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà. Àyà tó ń lù kìkì àti nǹkan ọmọkùnrin tó le kì í pẹ́ gbé pọ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ pé ọkàn ló fà á, kò pè yín ní òpùrọ́. Inú ara ni ọkàn ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2

Ẹ wá ìwé kékeré kan tàbí ibi ìkọ̀wé inú fóònù tí ẹlòmíràn kì í ṣí. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní gbólóhùn kúkurú:

1. Ṣé ó le nígbà tí mo jí, tàbí nígbà tí mo ta jí lóru? Ṣé ó le gírígírí, àbí ó kàn wú díẹ̀?
2. Bí mo bá dá wà tí mo fi ọwọ́ kan ara mi, ṣé ó ń le, ṣé ó sì ń dúró?
3. Nígbà tí mo wà pẹ̀lú ẹnìkejì mi, ìgbà wo gan-an ló rọ̀?
4. Kí ni mo ń rò lọ́kàn ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú kó tó rọ̀?
5. Wákàtí mélòó ni mo sùn? Kí ni mo mu, kí ni mo fà, oògùn wo ni mo lò?

Ìbéèrè kẹrin ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kódà bí ó bá jẹ́ pé owó ilé ni ẹ ń rò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò kò mú nǹkan ọmọkùnrin le; ńṣe ló ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ohun tí ẹ kọ

Bí ó bá tọ́ka sí ọkàn. Ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ tiẹ̀ lè dárúkọ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń le láàárọ̀, ó ń le bí ẹ bá dá wà, ṣùgbọ́n ó ń já yín kulẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tàbí ní ìgbà kan pàtó. Ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa fún títí tó fi na ọwọ́ mú kọ́ńdọ̀mù. Ó ń fi eyín já ike rẹ̀, ike náà ń yọ̀, ó gbójú wo ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé ó ti ń rọ̀ díẹ̀. Wíwò tó wò yẹn ló ba iṣẹ́ jẹ́: ó ti kúrò ní ẹni tó ń gbádùn, ó ti di alábòójútó tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò ì tíì mú kọ́ńdọ̀mù tí àyà rẹ̀ fi já. Ìbẹ̀rù ìjákulẹ̀ yìí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìjà tí a kò parí, ẹ̀rí ọkàn tó ń dáni lẹ́bi, ìbẹ̀rù oyún àti ìrántí ìfipábánilòpọ̀ náà ń fà á.

Bí ó bá tọ́ka sí ara. Ó wá díẹ̀díẹ̀, ẹ kò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti àárọ̀ ti dín kù tàbí ó ti dáwọ́ dúró, kò sì sí ìyàtọ̀ bóyá ẹ dá wà tàbí ẹ wà pẹ̀lú ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ìbálòpọ̀ ṣì ń wù yín. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, ìsanrajù, àìtó họ́mónù testosterone, ìpalára sí ìdí tàbí ògóòró ẹ̀yìn, àti èémí tó ń dáwọ́ dúró lójú oorun ni kí ẹ fura sí. Bí nǹkan ọmọkùnrin bá tẹ̀ lójijì nígbà tó le, tó ń dunni, tí kókó líle kan sì wà lára rẹ̀, ìyẹn náà nílò dókítà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ìtọ̀ tó kún inú ló ń fà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan ọmọkùnrin ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń le bí ìgbà 3 sí 5 lóru, ní àkókò tí a máa ń lálàá, èyí tí ẹ bá jí bá ni ó kẹ́yìn wọn. Bí ó bá ń le dáadáa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìrí i kì í ṣe ẹ̀rí pé ara ti bàjẹ́, torí pé àìsùn tó àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè gbé e lọ pẹ̀lú.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń já mi kulẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo ń kà: wọ́n máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹni pé wọn kì í pàdé. Ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga lè jákulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ara, kí ìjákulẹ̀ kẹta jẹ́ ti ìbẹ̀rù nìkan. Nítorí náà, kódà bí ìwé yín bá tọ́ka sí ọkàn, ẹ má fo ìgbésẹ̀ 4.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ ohun tí ń wọ ara yín wò

Àwọn wọ̀nyí lè fa ìṣòro ìdúró tàbí kí wọ́n dá kún un:

- Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ti ọpọlọ: fluoxetine, sertraline, paroxetine, risperidone.
- Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan: propranolol, atenolol, hydrochlorothiazide.
- Oògùn irun tó ń re: finasteride.
- Oògùn ìrora: tramadol àti codeine, pàápàá bí ẹ bá ti ń lò wọ́n pẹ́. Wọ́n ń fa testosterone wálẹ̀.
- Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tó ń mú iṣan ara wú: bí testosterone bá ń ti ìta wọlé, kórópọ̀n yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró; lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.
- Ọtí, sìgá, igbó. Ọtí ń mú ìtìjú lọ, ó sì ń mú okun lọ pẹ̀lú. Sìgá ní tirẹ̀ ń ba ojú inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró fúnra yín. Ẹ padà lọ bá a, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀; ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ nǹkan ọmọkùnrin kò fẹ̀ ju mílímítà 1 sí 2 lọ, nígbà tí ti ọkàn tó ń lù nínú àyà jẹ́ bíi 3 sí 4. Èyí tó kéré ló máa ń kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyí tí ìṣòro ìdúró fi lè yọjú ní ọdún mélòó kan ṣáájú àrùn ọkàn, tí kò sì fi yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá tàbí tó sanra jù fojú kéré rẹ̀.

Ẹ béèrè fún:

1. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru. 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, léraléra, nílò ìtọ́jú.
2. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìtíì jẹun. 126 mg/dL, tó jẹ́ 7.0 mmol/L, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń tọ́ka sí àtọ̀gbẹ, wọn yóò sì tún un ṣe kó lè dájú.
3. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.
4. Testosterone. Aago 7 sí 11 àárọ̀ ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí pé ó máa ń wálẹ̀ ní ọ̀sán. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ọjọ́ mìíràn ni kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìtọ́jú.
5. Họ́mónù prolactin àti ti tairọ́ọ̀dù, bí dókítà bá rí ìdí fún wọn.

Kí dókítà fi ojú àti ọwọ́ yẹ nǹkan ọmọkùnrin àti kórópọ̀n wò pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Bí ó bá jẹ́ ti ọkàn

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a gba iṣẹ́ alábòójútó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìbálòpọ̀ ń gbà ṣe é nìyí:

1. Ẹ bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ wọ aṣọ sọ́rùn, kì í ṣe lórí ibùsùn lẹ́yìn ìjákulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn: "Kì í ṣe pé o ò wù mí mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ ká rọra ṣe é fún ìgbà díẹ̀." Bí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò fúnra rẹ̀ wá ìtumọ̀ fún un, ìtumọ̀ tó bá rí kì í sì í dára.
2. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan pé kò ní sí ìbálòpọ̀ gan-an fún ọ̀sẹ̀ 2, kódà bí ó bá le. Ẹ má dà á. Àdéhùn yìí ló ń lé ìbẹ̀rù lọ, torí pé kò sí ohun tí ẹ lè kùnà níbẹ̀.
3. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín máa fọwọ́ kan ara yín fún bí ìṣẹ́jú 20, láìfi ọwọ́ kan abẹ́ tàbí ọmú. Ibi tí ọwọ́ wà ni kí ọkàn wà.
4. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lè fi ọwọ́ kan abẹ́. Bí ó bá le, ẹ jẹ́ kó rọ̀ padà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i pé ó rọ̀ tó sì padà le lẹ́ẹ̀mẹta kì í tún gbọ̀n nígbà tó bá rọ̀.
5. Lẹ́yìn èyí ni ìbálòpọ̀ lè wọlé, láìkánjú. Bí ẹ̀rù bá padà dé, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele kan.

Ẹni tí kò ní ẹnìkejì lè ṣe ìpele kẹrin fúnra rẹ̀. Ẹni tí kọ́ńdọ̀mù ń dà láàmú kó máa fi wíwọ̀ rẹ̀ dánra wò nígbà tó bá dá wà, títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n lójú òkùnkùn.

Ní ti fíìmù oníhòòhò, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá òun fúnra rẹ̀ ń fa ìṣòro yìí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ wo ìwé yín: bí ó bá jẹ́ fíìmù nìkan ló ń mú un le, ẹ yà kúrò nídìí rẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ wo ohun tí yóò yí padà.

Bí oṣù 2 sí 3 bá kọjá láìsí àyípadà, tàbí bí oúnjẹ àti oorun kò bá dùn mọ́ yín, tí ohunkóhun kò sì mú inú yín dùn, ẹ wá onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú nígbà yẹn.

## Ìgbésẹ̀ 6: Bí ó bá jẹ́ ti ara

Kí ẹ tọ́jú àìsàn tí àyẹ̀wò bá rí ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà:

- Eré ìdárayá: ìrìn tó yára, sáré tàbí lúwẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú 40, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún oṣù 6. Ẹ má retí àyípadà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.
- Oorun: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, ọ̀sẹ̀ kan péré tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn dá fi sun wákàtí 5 lóru ti fa testosterone wọn wálẹ̀ ní ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.
- Iṣan abẹ́: ẹ fún iṣan tí ẹ máa ń lò láti dá ìtọ̀ dúró tàbí láti mú ìsó mọ́ra, ẹ kà á dé 5, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3. Ikùn àti itan kò gbọdọ̀ le. Bí ó bá ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró.
- Kẹ̀kẹ́: bí abẹ́ yín bá ń kú lẹ́yìn tí ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì máa dìde lórí rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Ẹ má gba abẹ́rẹ́ testosterone láìsí àyẹ̀wò méjì tó fi hàn pé tiyín lọ sílẹ̀. Ó lè dá ṣíṣe àtọ̀ tó ń bímọ dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yín kò tíì bímọ.

## Oògùn ìdúró: ìlò àti ìkìlọ̀

Sildenafil (Viagra), tó jáde ní 1998, àti tadalafil kì í ṣe ohun èérí. Dókítà lè kọ ọ́ fún ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ ti ọkàn pàápàá, fún ìgbà díẹ̀, kí ìgboyà lè padà. Ṣùgbọ́n:

- Kì í ṣiṣẹ́ bí nǹkan kò bá wu ọkàn. Wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n sábà ń lo sildenafil, oúnjẹ ọlọ́ràá sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́.
- Ẹ kò gbọdọ̀ lò ó pẹ̀lú oògùn àyà tó jẹ́ irú nitrate, bíi nitroglycerin, tàbí pẹ̀lú "poppers", ìyẹn oògùn olómi tí àwọn kan máa ń fà símú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.
- Ẹ má lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní wákàtí 24, bí ẹ̀yà kan kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má fi òmíràn lé e.
- Orí fífọ́, ojú gbígbóná àti imú dídí wọ́pọ̀. Bí ojú bá fọ́ tàbí etí di lójijì, ilé ìwòsàn ni.
- Àwọn àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ti rí sildenafil tí wọ́n fi pamọ́ sínú egbòogi tí wọ́n kọ "kò ní kẹ́míkà" sí lára, lẹ́ẹ̀kan kọ́, lẹ́ẹ̀mejì kọ́. Ẹni tó ń lò ó kò mọ ìwọ̀n tó gbé mì.

## Ohun tí ẹ ó sọ níwájú dókítà

Ìtìjú ni ó máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sọ pé ẹ̀yìn ló ń dun àwọn, kí wọ́n sì gba oògùn ẹ̀yìn bọ̀ wálé. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ 2 yín lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ na ìwé náà sí i, tàbí kí ẹ ka gbólóhùn yìí láti inú fóònù yín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Nǹkan ọmọkùnrin mi kì í dúró dáadáa láti oṣù báyìí. Ó ń le láàárọ̀, tàbí kì í le láàárọ̀. Àwọn oògùn tí mo ń lò nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti testosterone wò."